Àpò Kan ní Etí Òkun: Bí A Ti Tẹ Ayétòrò Dó

Ní sáà tí ó kọjá, ẹgbẹ́ wa ṣe àríyànjiyàn kan ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé kò yẹ kí a fi àkóso ìlú lé aṣáájú ìsìn lọ́wọ́. Èmi kò sí lára àwọn tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, tí mo ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn tí ó sọ̀rọ̀ gbìyànjú púpọ̀. Wọ́n mú wa lọ sí ìlú Geneva nígbà ayé Calvin, wọ́n gbé wa dé Sókótó ti Shehu Uthman dan Fodio, wọ́n sì tún kó wa sọdá òkun lọ sí Utah ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ìjọ Mọ́mọ́nì ti sọ aṣálẹ̀ di ìlú. Mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Ayétòrò. A pàtẹ́wọ́, a dìbò, a túká, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀. Mo bá ara mi wí ní ọ̀nà ilé nítorí pé èmi náà kò dìde láti sọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Àdúgbò Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ilé bàbá mi wà, Ìkòròdú ni ìyá mi sì ti wá. Ẹni tí ó bá dàgbà ní etí ọ̀sà láàárín ìlú méjèèjì yìí kò lè ṣe aláìmọ Ìlàjẹ. Àwọn ni apẹja tí wọ́n pàgọ́ sí etí omi káàkiri ọ̀dọ̀ wa, ẹja wọn sì wà lára ohun tí ó sọ Ọjà Olúwo di olókìkí. Bí ènìyàn bá gba ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí apá ìlà-oòrùn, tí ó ń lọ, tí ó ń lọ, tí kò sì yà síbì kan, yóò dé ilẹ̀ wọn níkẹyìn, níbi tí ọ̀sà ti di àbàtà, tí àbàtà sì ti di òkun. Ibẹ̀ ni Ayétòrò wà, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti òní.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ díẹ̀ nípa ilé tèmi, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Èkó Ẹ̀pẹ́, àlejò ni àwọn bàbá wa jẹ́. Ní oṣù December ọdún 1851 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, tí Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Awùjalẹ̀ gbà wọ́n láyè ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ wá ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n sì gbé ìrun kíkí wọn dání bí wọ́n ti gbé ìbọn wọn dání. Ìsìn náà ti ta gbòǹgbò ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà náà. Kò pẹ́ rárá tí ibùdó àwọn ìsáǹsá fi di ìlú tí ń ṣòwò. Ní ọjọ́ 28 oṣù September ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́: kò ní dá Èkó láàmú mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yóò sì jẹ́ kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Nígbà tí ó di ọdún 1862, wọ́n jẹ́ kí ó padà sí Èkó. Àwọn tí ó bá Òṣòdì Tápà padà ni a fún ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn tí kò padà dúró sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn Pòsú, ní ọdún 1863 ni Glover sì tún gbé ogun wá bá wọn níbẹ̀. Láti ọmọ wọn ni a ti bí wa. Ẹni tí ó bá mọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé títí di òní ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́ fi jẹ́ ẹ̀ka méjì nínú ìlú kan, ọ̀rọ̀ ta ni ó ni ilẹ̀ kò sì tíì tán lẹ́nu àwọn àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí Kòsọ́kọ́ ní lọ́wọ́ nígbà tí ó dé. Ó ní ọmọ ogun. Ó ní orúkọ ọba. Ó ní epo pupa láti tà àti Awùjalẹ̀ láti gbà á sílé. Ẹni tí ó bá ní irú nǹkan wọ̀nyí lè tẹ ìlú dó, kò yani lẹ́nu. Ẹni tí kò ní ọ̀kan nínú wọn ńkọ́? Ẹni tí ó jẹ́ pé àdúrà nìkan ni ó kó sínú ọkọ̀, tí ibi tí kò wu ẹnikẹ́ni láti gbé nìkan sì ni ó kù fún un?

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, mo tọ ìyá arúgbó kan lọ ní Ọjà Olúwo. Oníbàárà ìyá mi ni láti ọjọ́ pípẹ́, ẹja gbígbẹ ni ó ń tà. Mo ti máa ń gbọ́ pé Ayétòrò ni wọ́n bí i sí. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Ẹ kú ọjà, Màmá. Mo fẹ́ bi yín léèrè nípa Ayétòrò ayé àtijọ́.” Ó wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ máa ra ẹja ni àbí o kò ní í rà?” Mo ra ẹja. Lẹ́yìn náà ni ó fi àpótí kan hàn mí pé kí n jókòó. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi ni pé òun ti tó ọmọge kí òun tó fi ọwọ́ ara òun ná owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1925 ni Moses Orímọládé Túnọlàṣẹ, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ìjọ aládùúrà yìí tàn bí iná ọyẹ́, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Àwọn tí ó gbà á níbẹ̀ gbà á tọkàntọkàn. Ìtàn tí àwọn ará Ayétòrò ń sọ nípa ara wọn ni pé àwọn bàbá wọn kọ̀ láti bọ òrìṣà, wọ́n sì ń wàásù gbangba lòdì sí pípa ìbejì, tí ó jẹ́ àṣà ní àwọn ìletò kan nígbà náà. Inú àwọn olóyè àti àwọn aláṣẹ àdúgbò kò dùn sí èyí. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n lé wọn kiri. Àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí kò bá àwọn aṣáájú ìjọ tí wọ́n ti wá ṣe déédéé mọ́ pẹ̀lú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù January ọdún 1947, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ̀dó sí bèbè òkun, lórí ẹrẹ̀. Zaccheus Okenla ni wọ́n fi jọba, Ojagbohunmi sì wà lára àwọn aṣáájú wọn nínú ẹ̀mí. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Ayétòrò.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wo ẹrẹ̀ náà, nítorí pé bí a bá ń ka ìtàn ìlú, a sábà máa ń fò ilẹ̀ rẹ̀ dá. Kì í ṣe yanrìn funfun tí àwọn èrò Èkó ń lọ ṣeré lórí rẹ̀. Pótópótó ni. Ènìyàn kò lè gbin iṣu síbẹ̀, kò lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, kò lè rìn lọ bá aládùúgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ rì. Omi iyọ̀ wà níwájú, àbàtà wà lẹ́yìn. Bí aṣálẹ̀ bá jẹ́ ibi tí ènìyàn kò lè gbé bí a bá fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ti dá a, aṣálẹ̀ ni etí òkun Ìlàjẹ, àyàfi pé omi ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ dá ẹnu lé ọ̀rọ̀ Utah tí wọ́n sọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ìbáradọ́gba rẹ̀ dára ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ ti mọ̀ lọ. Àwọn ọ̀tá pa Joseph Smith, ẹni tí ó dá ìjọ Mọ́mọ́nì sílẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n ní Illinois ní ọdún 1844. Ní ọdún 1846 ni àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fi ilé àti ọgbà wọn sílẹ̀, tí Brigham Young sì kó wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọjọ́ 24 oṣù July ọdún 1847 ni Young wọ àfonífojì Adágún Iyọ̀, ó ku nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí àwọn Ìlàjẹ tó wọ Ayétòrò. Wọ́n darí omi odò orí òkè wọ ilẹ̀ gbígbẹ náà kíákíá, wọ́n túlẹ̀, wọ́n gbin ọ̀dùnkún. Kò sí ẹnì kan tí ó lè dá gbẹ́ irú ipa omi bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnì kan dá ní omi rẹ̀. Nítorí náà ìjọ ni ó pín ilẹ̀, ìjọ ni ó pín omi, ìjọ ni ó sì gba ìdámẹ́wàá. Bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ń parí ìjà. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ yan Young ní gómìnà ilẹ̀ náà ní ọdún 1850, ọdún 1857 ni wọ́n sì ran ọmọ ogun lọ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí alátakò kan ní àríyànjiyàn wa sọ pé ìgbàgbọ́ ni ó ń sọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ di ẹni tí ń gbọ́ràn sí ẹnì kan lẹ́nu, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ búburú kì í jẹ́ kí onílé kọ̀ọ̀kan máa ṣe tirẹ̀. Ní Utah, ẹni tí ó bá ní òun kò bá wọn gbẹ́ ipa omi, àgbàdo rẹ̀ yóò gbẹ. Ní Ayétòrò, ẹni tí ó bá ní òun kò bá wọn ru pákó, inú ẹrẹ̀ ni yóò máa gbé.

Ó di dandan, wọ́n ru pákó. Orí òpó ni wọ́n gbé àwọn ilé sí, wọ́n sì fi pákó ṣe afárá gígùn la ìlú náà já láti ìkángun kan dé èkejì, tí ó fi jẹ́ pé orí pákó ni a ti ń rìn, tí a ti ń kí ara wa, tí ọmọdé ti ń sáré. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé iṣẹ́ tí ó ju èyí lọ dání. Wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ipa omi kan la àbàtà já, kí ọkọ̀ lè máa gba ẹ̀yìn ìlú jáde sí ojú omi tí ó lọ sí ọ̀nà Èkó láìjẹ́ pé ó kọlu ìgbì òkun. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ yìí. Màmá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, orin iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń rẹ àwọn lẹ́kún. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, kò kọ ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀dó ni wọ́n fi ẹnu kò pé kí ohun gbogbo di ti gbogbo wọn. Ẹja tí apẹja bá pa, ti ìlú ni. Owó tí a bá tà á, inú àpò kan ṣoṣo ni yóò wọ̀, àpò náà sì wà lábẹ́ àṣẹ ọba. A kò san owó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú ni ó ń bọ́ ènìyàn, ìlú ni ó ń fún un ní aṣọ, ìlú ni ó ń fún un ní ibi tí yóò sùn. Wọ́n pín ara wọn sí ẹ̀ka iṣẹ́: ti àwọn apẹja, ti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn tí ń kan ọkọ̀, ti ahunṣọ, ti aránṣọ, ti aṣebàtà, ti alágbàfọ̀, ti oníbúrẹ́dì. Olórí ẹ̀ka ni ó ń jíṣẹ́ fún àwọn àgbà, àwọn àgbà sì ń jíṣẹ́ fún ọba. Ọba yìí kan náà ni olórí ìjọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe àìgbọràn níbi iṣẹ́ ti dẹ́ṣẹ̀ nínú ilé àdúrà.

Èrè rẹ̀ yára dé. Nítorí pé wọn kò pín owó, wọ́n lè ra ohun tí apẹja kan kò lè rà láéláé. Wọ́n ra ẹ̀rọ, wọ́n kan ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń kó èrò àti ẹrù lọ sí Èkó. Ní ọdún 1953 ni wọ́n tan iná mànàmáná nínú ìlú wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń lo àtùpà. Àwọn àlejò láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí wá wo ìlú orí ẹrẹ̀ yìí. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni Ìlú Ayọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà ni Stanley Barrett, ọmọ Kánádà, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, tí ó kọ ìwé méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù jáde ní ọdún 1977, ìdìde àti ìṣubú ìlú náà ni ó sì dá lé. Kò pe ìlú náà ní orúkọ rẹ̀. Olówó ni ó pè é. Ó fi í wé ìletò kejì nítòsí rẹ̀, èyí tí ó pè ní Talika. Àwa tí ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí èyí, nítorí pé ó hàn gbangba pé tálákà ni ọkùnrin náà ní lọ́kàn, ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa yá lọ́wọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ìlàjẹ ni ìletò méjèèjì, orí ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n wà, ìgbàgbọ́ wọn jọra, òkun kan náà ni wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀. Kí ni ó dé tí ọ̀kan fi là, tí èkejì kò là? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àpò kan náà ni. Talika ní àdúrà, kò ní àpò àjùmọ̀ní. Wọlé Ṣóyínká náà rí nǹkan níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ìwé gbà pé Ayétòrò ni ó wò kí ó tó dá ìlú Aiyéró sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Season of Anomy, tí ó jáde ní ọdún 1973.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí pé ohun rere ni èyí, ẹ jẹ́ kí ìlú gbogbo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Àpò kan kì í dá wà. Bí gbogbo ènìyàn bá ní àpò kan, ohun tí ó lè tún pín ọkàn ènìyàn níyà ni ìdílé rẹ̀, nítorí pé ìyá a máa gé ẹja tí ó tóbi jù fún ọmọ tirẹ̀. Àwọn aṣáájú Ayétòrò rí èyí kedere. Nítorí náà apá kan ìlú ni ọkùnrin ń gbé, apá kejì sì ni obìnrin ń gbé, títọ́ ọmọ sì di iṣẹ́ gbogbo ìlú dípò òbí nìkan. Fún àwa Yorùbá, tí ó jẹ́ pé agboolé ni a fi ń mọ ara wa, tí a fi oríkì orílẹ̀ kí ọmọ kí ó tó jí lówùúrọ̀, èyí ju ìyípadà owó lọ. Màmá sọ ọ́ láìbínú. Ó ní òun mọ ìyá òun, òun sì mọ̀ pé ìyá òun ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ń bu oúnjẹ fún òun ni òun kọ́kọ́ ń pè ní ìyá. Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní àwọn ọmọ tí àwọn jọ wà pọ̀, ebi kò pa wọ́n rí, kí ni kí ó dùn òun?

Èmi kò gbà á tán. Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni pé: ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò, kí ni yóò mú dání? Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún pẹja, tí ó ti ru pákó, tí ó ti gbẹ́ ipa omi, tí kò ní kọ́bọ̀ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀, ṣé a lè sọ pé òmìnira wà fún un láti lọ? Àti pé ta ni ń ka owó inú àpò náà? Nígbà tí ọba bá jẹ́ wòlíì, tí ó tún jẹ́ akápò, kò sí ẹni tí ó lè bi í ní ìṣirò láìjẹ́ pé ó dà bí ẹni tí ń bi Ọlọ́run. Ní ti àwọn àkọ́kọ́, kò sí wàhálà, nítorí pé wọ́n jọ jìyà pọ̀ ni, wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n tilẹ̀ gbàgbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ó bá di ìgbàgbọ́ náà mú ṣinṣin kò ní í kú. Ẹni tí kò ní í kú kò nílò ogún láti fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Ikú dé sí Ayétòrò bí ó ti ń dé síbi gbogbo. Àwọn ọmọ tí wọn kò mọ ẹgba tí a na àwọn bàbá wọn ti dàgbà. Wọ́n lọ sí ilé ìwé, wọ́n bá ọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n rí ẹgbẹ́ wọn tí ń wọ aṣọ tí ó wù ú, tí ń ná owó tí ó ṣiṣẹ́ fún. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa ṣòwò tirẹ̀, nígbà tí ó sì ṣe díẹ̀, àpò ńlá náà tú. Àwọn ilé iṣẹ́ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí nínú aṣálẹ̀. Ní ọdún 1875, àwọn Mọ́mọ́nì kan ní ìhà gúúsù Utah tẹ ìletò kan dó tí wọ́n pè ní Orderville. Wọ́n jọ ní ohun gbogbo, wọ́n ń jẹun pọ̀ nídìí tábìlì kan, aṣọ wọn sì jọra. Wọ́n là, ebi kò pa wọ́n. Ìtàn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ níbẹ̀, nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣa irun ìrù àgùntàn tí a gé sọnù jọ, tí ó tà á ní ìkọ̀kọ̀, tí ó fi owó rẹ̀ ra ṣòkòtò ìgbàlódé. Nígbà tí ó wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ọ̀dọ́ ìlú ni ojú wọn wọ ṣòkòtò náà. Nígbà tí ó di ọdún 1885, wọ́n ti pín ohun ìní wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn ṣòkòtò yìí ju gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ lórí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó hàn nínú rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ni ó tú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ká. Omi ti dé oko, àfárá pákó ti wà nílẹ̀, iná ti tàn: ilẹ̀ kò fi agbára mú wọn dúró pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà Ayétòrò sọ́tọ̀ ni pé ilẹ̀ rẹ̀ tún padà di búburú. Láti bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni òkun ti ń jẹ ìlú náà. Kò kàn ń kún kí ó sì padà; ó ń gbé ilẹ̀ lọ ni. Àwọn ilé ìgbà àkọ́kọ́ ti lọ, àwọn ibi iṣẹ́ tí ó sọ ìlú di olókìkí ti lọ, ilé ìwé ti lọ, àwọn ènìyàn ń sún sẹ́yìn láti òpó kan dé òmíràn. Ìlérí ìdènà òkun ti pọ̀, wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òkun kò sì rí odi kankan níwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti ru pátákó ìfẹ̀hónúhàn jáde nínú omi tí ó dé orúnkún wọn. Ohun tí ó wà níwájú wọn nísinsìnyí tóbi ju èyí tí ó wà níwájú àwọn bàbá wọn ní ọdún 1947 lọ, àpò tí wọ́n ì bá fi kò ó lójú kò sì sí mọ́. Mo tilẹ̀ rò ó pé bí ó bá wà, kò ní í tó. Ipa omi ni ènìyàn lè fi ọkọ́ gbẹ́. Odi tí yóò dá òkun dúró, iṣẹ́ ìjọba ni, ìjọba ni ó sì ń gba owó orí.

Mo padà sí Ọjà Olúwo ní ọjọ́ kejì tí mo máa padà sí ilé ìwé. Mo bi Màmá bóyá ó ti lọ sílé láìpẹ́. Ó ní ó lọ nígbà àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìlú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní òun ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun dé ibi tí ilé àwọn obìnrin wà nígbà tí òun wà ní kékeré. Ọmọkùnrin tí ń tu ọkọ̀ gbé e lọ sí ojú òkun, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, “Màmá, ibí ni.” Ó ní òun wo ọ̀tún, òun wo òsì, omi ni, òun sì bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn pẹ̀lú ọmọ náà pé kì í ṣe ibẹ̀, ó ṣì kù níwájú.

Ó bi mí kí ni mo fẹ́ fi gbogbo ohun tí mo ń bi òun ṣe. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ó ní ó dára, kí n má ṣe gbàgbé ọjọ́ tí a dá ìlú sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ òun tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Mo fa ọ̀kan yọ nínú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ó fi ń wé ẹja, mo kọ ọ́ sí eteetí rẹ̀ gàdàgbà: ọjọ́ 12 oṣù January, ọdún 1947. Ó ká a sí wẹ́wẹ́, ó fi í há ìdí ìró rẹ̀, ó sì yí padà sí oníbàárà tí ó ti ń dúró.